Ìgò Méjì láti Kalifọ́níà

Santa Rosa, Kalifọ́níà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2005

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú àdúrà lórí wa. Ṣé ara ti le dáadáa? Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an ní Festac, pé ọ̀fìnkìn dá yín gúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olúwa yóò máa dá yín sí fún wa.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti jẹ́wọ́. Tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, káàdì yóò tán kí ìbínú yín tó tán, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2003 ni mo ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń yẹ oògùn wò. Wọn ò lé mi, sà. Èmi ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀. Wáìnì là ń ṣe níbi tí mo wà báyìí. Ọgbà àjàrà ni, ó bo ẹ̀gbẹ́ òkè kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ingrid ló ni ín. Owó tí ẹ san lórí kẹ́mísìrì mi kò ṣòfò. Èmi ni mò ń wọn ṣúgà inú èso kí a tó sọ pé ó tó ká. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń hó nínú àgbá, bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń ṣọ́ ọmọ.

Stella tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ìgò wáìnì pupa méjì rán an sí yín. Ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ láti orí igi títí dé ìdérí. Dọ́là mẹ́sàn-án là ń tà á. Mo mọ̀ pé lójú yín, ti Faransé nìkan ló ń jẹ́ wáìnì. Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò, sà, kí ẹ sọ òtítọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò ìjọba. Kò sí ahọ́n tí mo bẹ̀rù tó tiyín láyé yìí.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ mí.

Ọmọ yín,
Yétúndé

*

K Close, Fifth Avenue, Festac Town
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, ọdún 2005

Yétúndé, ìyá mi,

A wà láàyè, ara sì ti yá. Stella gbé ẹrù rẹ dé. Ọmọ dáadáa ni, ó jẹun lọ́dọ̀ wa, ó sì fọ àwo tó fi jẹun.

Mo jókòó gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní kí n ṣe. Ìjókòó náà kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọdún kan àti oṣù méje! Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ni Yétúndé ń ṣe lókè òkun, ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí oògùn tí aláìsàn yóò lò tí kò ní í kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀. Ṣé kí n dìde báyìí kí n sọ pé ọtí ló ń pọn? Ìyá rẹ, díákónẹ́ẹ̀sì, kò lè gbójú sókè mọ́ láàárín àwọn ìyá ìjọ.

Tí o bá tilẹ̀ fẹ́ dójú tì mí, ṣé wáìnì Amẹ́ríkà ló yẹ kí o fi ṣe é? Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń tọ́jú àlejò ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ní Párís. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn Faransé kì í ka orúkọ èso sí. Orúkọ abúlé ni wọ́n ń kọ sára ìgò, àti orúkọ ìdílé tó ni ilẹ̀, torí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin, orúkọ èso lẹ kọ gàdàgbà síwájú ìgò bí ẹni tó ń polówó ọsàn ní Agboju. Òòrùn yín pọ̀ jù, èso yín dùn jù, ọtí rẹ̀ wá le. Á pariwo lẹ́nu, kò sì ní ìtàn kankan láti sọ fúnni. Dọ́là mẹ́sàn-án! Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Mi ò tíì ṣí i. Mo ti ri méjèèjì mọ́ inú yanrìn nínú ìkòkò omi tó wà ní sítọ́ọ̀, kí ooru má bàa bà wọ́n jẹ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò wà.

Pa dà sídìí iṣẹ́ oògùn rẹ. Bàtà dúdú aláwọ kan ni mo tún fẹ́, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, má ra èyí tí imú rẹ̀ ṣóńṣó. Dennis kí ẹ, ọmọkùnrin tó ń ta wáìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agboju. Òun ṣì ń gba ìmọ̀ràn mi kí ó tó ra ọjà.

Bàbá rẹ,
E. Ògúnjìnmí

*

Santa Rosa
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù karùn-ún, ọdún 2005

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, sà. Bàtà ti wà nínú páálí, imú rẹ̀ kò ṣóńṣó.

Lẹ́tà yín dùn mí. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbé e kiri nínú báàgì kí n tó tún un kà. Ẹ ní mo dójú tì yín. Ṣé ẹ rántí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí? Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ẹ máa ń gbé gíláàsì yín sábẹ́ imú mi ní bálíkónì, ẹ kì í jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, ẹ ó kàn ní, “Kí ni imú rẹ gbọ́?” Tí mo bá ní ewé ọsàn ni, ẹ ó ní kí n tún gbọ́ dáadáa, ó ku ẹyọ kan. Àwọn tó lọ sí yunifásítì kọ́ iṣẹ́ yìí níbí kò ní irú tíṣà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí Ingrid gbà mí síṣẹ́, gíláàsì márùn-ún ló gbé síwájú mi. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ta ló kọ́ ẹ?” Mo ní, “Bàbá mi.”

Lórí ọ̀rọ̀ Faransé, mi ò bá yín jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú tiwọn. A kò tíì débẹ̀. Èmi náà ti tọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, mo sì dákẹ́ bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni àwọn ènìyàn ń rà ní Agboju, sà. Ẹ ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Nínú owó tí wọ́n ń san lórí ìgò Faransé olówó pọ́ọ́kú, èló ló wọ inú ọbẹ̀? Orúkọ ni wọ́n ń san èyí tó pọ̀ jù fún. Tí owó bá dọ́gba, ẹ jẹ́ kí a gbé tiwa àti tiwọn síwájú yín, kí ẹ fi aṣọ bo ìgò méjèèjì, kí ẹ wá mú èyí tí ahọ́n yín bá fẹ́.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí i, sà.

Ọmọ yín,
Yétúndé

*

Santa Rosa
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2005

Bàbá mi,

Oṣù mẹ́rin nìyí tí mi ò rí lẹ́tà yín. Tí mo bá pè, Màmá á ní ẹ wà ní bálíkónì tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adéwùnmí ní Raji Rasaki Estate. Bàtà ti dé ọwọ́ yín láti oṣù kẹfà. Ẹ ò sọ bóyá ó bá ẹsẹ̀ mu.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórè. Ìlà igi ogójì ni Ingrid fà lé mi lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní bí mo bá ṣe fẹ́ ni kí n ṣe é, òun kò ní í dá sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó tíì gba irú rẹ̀ rí láàárín ọdún méjì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún.

Tí wáìnì náà kò bá dára, ẹ sọ fún mi. Mo lè gbà á. Ìdákẹ́ yìí ni mi ò lè gbà.

Yétúndé

*

Festac Town
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2005

Yétúndé mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ̀wé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń kọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá, kí bàbá rẹ má bàa rí i. Ṣé o ń jẹun? Ohùn rẹ kò dùn mọ́ mi nínú nígbà tí o pè kẹ́yìn.

Àkọ́kọ́ ná, ta ló ní mi ò lè gbójú sókè? Èmi? Mo ka ẹ̀dà lẹ́tà tí bàbá rẹ kọ sí ẹ lóṣù kẹrin, mo rí ibi tó ti fi ẹnu mi sọ ohun tí mi ò sọ. Mo ti sọ fún gbogbo wọn ní ìjọ pé ìwọ ni ọ̀gá tó ń ṣọ́ wáìnì ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan wojú mi. Mo ní Jésù ṣe é ní Kánà, ti ọmọ mi ò pọ̀ tó yẹn.

Èkejì ló mú mi kọ̀wé. Yétúndé, imú bàbá rẹ ti lọ. Ọ̀fìnkìn oṣù kejì yẹn, ó mú òórùn lọ, kò dá a padà. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìrẹsì jóná mọ́lẹ̀ ìkòkò nígbà tí mo wà lẹ́yìn ilé, ó jókòó sí pálọ̀, kò mọ nǹkan kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé gíláàsì sí imú bí ó ṣe máa ń ṣe, á di ojú, á gbé e sílẹ̀. Mo rí i nígbà tó hú ìgò rẹ kan jáde nínú yanrìn, ó dì í mú títí, ó sì tún sin ín padà. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kò ní í gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ìyẹn nìkan kọ́. Dennis fẹ́ kó wáìnì kọ̀ǹténà kan wọlé ṣáájú ọdún Àjíǹde. Ó ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀ ní Ijegun-Egba nítorí rẹ̀. Bàbá rẹ ló fẹ́ kó tọ́ àwọn wáìnì náà wò kó sì mú èyí tó dára, kí oṣù kọkànlá tó parí. Bàbá rẹ ní kò burú! Ó fẹ́ fi ojú ka ìwé ara ìgò, kó sì fi ìyẹn sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláìnílẹ̀. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní kí n má ba òun lórúkọ jẹ́.

Má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ṣe nǹkan kan.

Ìyá rẹ,
Beatrice

*

Santa Rosa
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2005

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, sà. Ẹ dárí jì mí fún ohùn tí mo fi kọ lẹ́tà tó kọjá. Iṣẹ́ ìkórè ló kan mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí níbí. Ní àkókò ìkórè, eruku koríko máa ń dí mi nímú. Ọdún tó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi gbọ́ òórùn kankan, àgbá sì ń hó, kò lè dúró dè mí. Mo sunkún, mo rò pé iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ingrid ní kí n nu ojú mi nù. Ó ní imú kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ahọ́n ṣì mọ kíkan, ó mọ dídùn, ó mọ kíkorò. Ìdí eyín mọ ìgbà tí wáìnì bá dì í mú àti bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó tú u sílẹ̀. Ọ̀fun mọ bí ọtí rẹ̀ ṣe le sí. Gbogbo ẹnu mọ èyí tó wúwo àti èyí tó ṣàn bí omi lásán. Ohun tó kù, a máa ń yá imú ẹlòmíràn lò. Kò sí ẹni tó ń dá tọ́ wáìnì wò lọ́dọ̀ wa, sà. Àwa mẹ́fà la máa ń jókòó, ẹni tí imú rẹ̀ bá dí á sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ ni àbùkù ń kàn, torí owó ẹlòmíràn ló wà nínú àgbá.

Bí mo ṣe ṣe é fún ọjọ́ mọ́kànlá yẹn nìyẹn. Ọ̀kan nínú ohun tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n yàn fún àsè ìparí ọdún.

Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni. Ẹ kí Màmá.

Ọmọ yín,
Yétúndé

*

K Close, Fifth Avenue, Festac Town
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 2005

Yétúndé, ìyá mi,

Mo kí ẹ, mo kí ọwọ́ rẹ. Bàtà bá ẹsẹ̀ mu. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà.

Ṣé o rò pé ó ṣòro fún mi láti mọ̀ pé ìyá rẹ kọ̀wé sí ẹ? Mo fi ọdún mọ́kànlélógún ka lẹ́tà àwọn aṣojú ìlú òkèèrè, mo mọ ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń gba ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ibi tí o ti sọ pé owó ẹlòmíràn ló wà nínú àgbá, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mo wo ojú Dennis nínú ọkàn mi, ojú sì tì mí.

Ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìmọ́tótó, mo pe Dennis wá sílé. Mo pe Adéwùnmí náà, o mọ̀ pé òun àti ọtí ti pẹ́ bọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní Reluwé. Ìgò mẹ́ta la lò. Dennis mú Faransé méjì wá, ọ̀kan tí òun ń tà ní ẹgbẹ̀rún méje àti ààbọ̀, àti ọ̀kan tí òun ń tà ní ẹgbẹ̀jọ náírà, èyí tí mo ti ń yìn fún un láti ọdún mẹ́ta. Ìgò tó kù, tìrẹ ni. Ó ṣírò owó ọkọ̀ ojú omi àti owó bodè mọ́ ọn, ó ní òun lè tà á ní ẹgbẹ̀jọ náà. Ìyá rẹ fi ìbọ̀sẹ̀ mi wọ ìgò kọ̀ọ̀kan, Adéwùnmí dà wọ́n pọ̀, ó so nọ́ńbà mọ́ wọn ní ọrùn. Kò sí ẹni tó mọ èwo ni èwo mọ́ nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde sí bálíkónì.

Kí a tó dà á sínú gíláàsì, mo dìde dúró. Mo ní, “Dennis, imú mi kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù kejì. Ó yẹ kí o mọ̀ kí o tó ta ilẹ̀ rẹ.”

Adéwùnmí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ernest, ìyẹn lo fi jẹ ọbẹ̀ ilé mi tó ti kan, tí o sì tún ní kí wọ́n bu sí i?” A rẹ́rìn-ín títí Dennis fi gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, “Daddy, mo dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá máa gbọ́ òórùn ẹ̀?”

Ìyá rẹ fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wò ó. Ọdún mẹ́tàlélógún nìyí tí obìnrin yìí kò fi ọtí kan ètè. Ó ní, “Bíbélì ò ní ká má mí.”

Yétúndé, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti fẹ́ ẹ, mi ò mọ̀ pé irú imú bẹ́ẹ̀ wà nílé mi. Ó gbé nọ́ńbà kìn-ín-ní sí imú, ó ní àpótí aṣọ ìyá òun ni, ti òfì, pẹ̀lú ewé tábà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo tọ́ ọ wò. Ó rọra di ìdí eyín mi mú, ó tú u sílẹ̀, ó tún padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ó gbé nọ́ńbà kejì, ó ní, “Omi tí wọ́n fi ṣan ìgò.” Ahọ́n mi bá a gbà. Kíkan rẹ̀ kọ́kọ́ sáré wá, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan. Ó gbé nọ́ńbà kẹta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní agbálùmọ̀ tó pọ́n dé èèpo, àti igi tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Èmi gbé e mì. Ó kún ẹnu, ó ní egungun, kò sáré lọ.

Gbogbo wa gbé ìkìn-ín-ní síwájú. Gbogbo wa gbé ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, kò sì jìnnà sí i. Ìkejì, Adéwùnmí ní kí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Mo wá ṣe ohun tí bàbá rẹ máa ń ṣe: mo sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ. Mo ní ìkìn-ín-ní àti ẹ̀kẹta, Faransé ni, ọmọ ìdílé rere, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó wá kọ́ ọ. Mo ní ìkejì, kí Yétúndé má bínú, tirẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ kàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ̀rún méje àti ààbọ̀ ni ìkìn-ín-ní. Faransé ṣì ni ọ̀gá, mi ò ní í purọ́ fún ẹ. Faransé ẹgbẹ̀jọ tí mo ti ń yìn láti ọdún mẹ́ta ni ìkejì. Ẹ̀kẹta, mo rí orúkọ èso gàdàgbà lára ìgò, tìrẹ ni. Adéwùnmí bọ̀ mí lọ́wọ́.

Gbọ́ òtítọ́ tí o béèrè. Ọtí rẹ̀ ṣì le díẹ̀ ní ọ̀fun. Ẹ tètè ká èso yẹn ní ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ènìyàn bá ní owó, kó ra Faransé tó dára, kó sì rọra mu ún. Ṣùgbọ́n lórí ẹgbẹ̀jọ náírà, nínú ìlú yìí, mi ò mọ ìgò tó lè dúró níwájú tìrẹ, mo sì ti tọ́ púpọ̀ wò kí imú tó fi mí sílẹ̀.

Dennis kò ta gbogbo ilẹ̀ mọ́, ìdajì ló tà. Nínú páálí mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ kó wọlé, méje yóò jẹ́ ti Kalifọ́níà, mẹ́ta Faransé gidi fún àwọn tó lówó lọ́wọ́. Ìwọ ló fẹ́ kó bá òun yan gbogbo rẹ̀ láti ọ̀hún, títí kan ti Faransé. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ. Mo ní kó má tíì sọ ọ́, ó ní mo pẹ́.

Lánàá, mo bá Dennis ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ pátákó tí yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó tọ́ ọjà náà wò sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn oníbàárà lè fọkàn balẹ̀. Ó bi mí pé kí ni kí òun kọ. Mo ní kó kọ “Yétúndé Ògúnjìnmí”. Ó kọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, “Daddy, orúkọ tiyín ńkọ́?”

Mo ní kó kà á dé òpin.

Bàbá rẹ,
Ernest Ògúnjìnmí